PẸ̀LẸ́ LÁKỌ, Ó LÁBO: Orírun àti Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 'Sorry' àti Ohun tí ó Kan Olùkọ́ Yorùbá

Àsamọ̀

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó yá sí ọmọdé Yorùbá lẹ́nu bí 'sorry' kò pọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tí olùkọ́ máa ń bá ọmọ wí lé lórí. Iṣẹ́ yìí tọpa orírun ọ̀rọ̀ náà láti inú Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ wá sí òde òní. Ó sì fi ìtumọ̀ rẹ̀ wé ti 'pẹ̀lẹ́', 'ẹ má bínú' àti àwọn gbólóhùn mìíràn tí Yorùbá fi ń báni kẹ́dùn tàbí tí wọ́n fi ń tọrọ àforíjì. Èrò wa ni pé 'sorry' tí ọmọ Nàìjíríà ń sọ fún ẹni tí ó kọsẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe; 'pẹ̀lẹ́' ni ó wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ 'sorry' àti 'pẹ̀lẹ́' kò dọ́gba, olùkọ́ tí ó bá sì kọ́ ọmọ pé wọ́n dọ́gba ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ìní lọ́wọ́ ọmọ náà láìmọ̀.

1. Ìfáárà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ó ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé kẹrin lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan dìde láti nu pátákó, ó kọsẹ̀ lára àga, ó sì ṣubú. Gbogbo kíláàsì pa ohùn pọ̀, wọ́n ní, "Sorry!" Akẹ́kọ̀ọ́ wa yíjú sí wọn, ó bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ̀yin ni ẹ tì í ṣubú ni?" Àwọn ọmọ dákẹ́. Ó wá ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tí ó bá ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀ nìkan ni ó ń sọ 'sorry'. Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ tí ó ṣubú ti dìde fúnra rẹ̀, ó ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì kí i mọ́.

Nígbà tí a pe akẹ́kọ̀ọ́ náà jókòó lẹ́yìn iṣẹ́, ó ṣòro fún wa láti dá a lẹ́bi, nítorí pé bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn. Àwa náà ti fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ irú 'sorry' bẹ́ẹ̀ rí nínú ìwé àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ tí ó ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn wa. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá? Kí ni ó túmọ̀ sí lẹ́nu àwọn tí wọ́n ni ín? Kí ni ó túmọ̀ sí lẹ́nu tiwa? Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Níbi tí a dé yìí, òwe nìkan kò tó; a ní láti tú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wò.

2. Orírun Ọ̀rọ̀ Náà

Inú Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ ni 'sorry' ti wá. Èdè yìí ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ láti nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún títí di ìgbà tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun wọn ní 1066, àti fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìrísí ọ̀rọ̀ náà nígbà náà ni 'sārig'. Bí a bá tú u palẹ̀, mọ́fíìmù méjì ni a óò rí nínú rẹ̀: 'sār' àti '-ig'. Ìrora tàbí ọgbẹ́ ni 'sār'. Àfòmọ́ ìparí ni '-ig', iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ ọ̀rọ̀-orúkọ di ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Òun kan náà ni ó di '-y' lónìí nínú 'hungry', tí ó jẹ́ 'hungrig' láyé àtijọ́, àti nínú 'bloody', tí ó jẹ́ 'blōdig'. Yorùbá kì í lo irú àfòmọ́ ìparí bẹ́ẹ̀. 'Oní-' tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ó sún mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ jù lọ. A lè sọ nígbà náà pé 'sārig' ni ẹni tí ìrora kún inú rẹ̀.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí 'sār' fúnra rẹ̀? Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń kúrò ní ti àtijọ́, fáwẹ̀lì gígùn 'ā' yí padà di 'ō' ní apá gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni 'stān' ṣe di 'stone', tí 'hām' di 'home', tí 'sār' náà sì di 'sore', ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ fún egbò tàbí fún ọ̀fun tí ó ń dunni. Ìyípadà yìí kò dé apá àríwá, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ará Scotland fi ń pe 'sore' ní 'sair' títí di òní. Ní ti 'sārig', fáwẹ̀lì rẹ̀ kúrú, 'g' ìparí rẹ̀ rọ̀ títí ó fi pòórá, ọ̀rọ̀ náà sì di 'sorry'. Èyí ni kò jẹ́ kí ojú tètè rí i mọ́ pé ọmọ ìyá ni 'sore' àti 'sorry'.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣìnà nìyí. Nítorí pé 'sorry' àti 'sorrow' jọra létí, tí wọ́n sì ń bá ìbànújẹ́ rìn, a máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé inú 'sorrow' ni 'sorry' ti jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. 'Sorg' ni 'sorrow' nínú Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́, ó sì bá 'Sorge' ti èdè Jámánì tan, èyí tí ó túmọ̀ sí àníyàn. Gbòǹgbò ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Àwọn méjèèjì kàn gbé pọ̀ pẹ́ ni, wọ́n fi ìró àti ìtumọ̀ ran ara wọn, títí wọ́n fi jọ ìbejì. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa tí a fẹ́ràn láti máa fi ìjọra ìró wá orírun ọ̀rọ̀ Yorùbá: ìjọra kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan.

Mọ̀lẹ́bí 'sorry' kan tún wà ní ilẹ̀ Jámánì tí ó yẹ kí a dárúkọ. Gbòǹgbò kan náà tí ó bí 'sār' ni ó bí 'sehr' ti èdè Jámánì. Ìrora ni òun náà túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí 'gan-an' tàbí 'púpọ̀' ni ó túmọ̀ sí. Kí èyí má ya Yorùbá lẹ́nu. Àwa náà ń sọ pé, "Ọbẹ̀ náà dùn burúkú," a kò sì ní in lọ́kàn pé ohun burúkú kan wà nínú ọbẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo ni èdè máa ń yá láti fi sọ bí nǹkan ti pọ̀ tó.

3. Bí Ìtumọ̀ Rẹ̀ Ṣe Ń Yí Padà

Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí 'sorry' ní ni ìrora ọkàn. Ẹni tí ó bá jẹ́ 'sārig' kò jẹ̀bi ohunkóhun dandan. Ọkàn rẹ̀ ni ó gbọgbẹ́. Ìrora ara ni ó di ìrora ọkàn níhìn-ín, ọ̀nà kan náà sì ni Yorùbá gbà. A máa ń wí pé, "Ẹsẹ̀ ń dùn mí," a sì máa ń wí pé, "Ọ̀rọ̀ náà dùn mí." Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni a lò, ṣùgbọ́n ó ti ara bọ́ sí ọkàn.

Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá ni ọ̀rọ̀ náà ti ní ìtumọ̀ kejì. Ó kúrò lára ẹni tí ó ń káàánú, ó bọ́ sára ohun tí a ń káàánú. Ohun tí kò níláárí, tí ó ti bàjẹ́ tàbí tí ó rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ ni wọ́n ń pè ní 'sorry'. Irú ìlò yìí ni Shakespeare mú wọ inú eré rẹ̀, Macbeth, níbi tí apànìyàn ti ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí ó kún fún ẹ̀jẹ̀. Bí oníwèé ìròyìn òde òní bá sọ pé ọ̀nà kan wà ní 'sorry state', kì í ṣe pé ọ̀nà ń tọrọ àforíjì. Ipò tí ó ṣeni láàánú ni ọ̀nà náà wà.

Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ ní 1611 ní àṣẹ Ọba James jẹ́rìí sí i pé ìbànújẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń gbé yọ jù nígbà náà. Nínú ìwé Nehemáyà, orí kẹjọ, ẹsẹ kẹwàá, 'sorry' ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò níbi tí wọ́n ti sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe banújẹ́. Nínú Mátíù, orí kẹrìnlá, ẹsẹ kẹsàn-án, òun náà ni wọ́n lò fún Hẹ́rọ́dù nígbà tí wọ́n béèrè orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Hẹ́rọ́dù kò bẹ ẹnikẹ́ni; inú rẹ̀ kàn bàjẹ́ ni, ó sì ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n nínú Sáàmù kejìdínlógójì, ẹsẹ kejìdínlógún, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ó ń lo ọ̀rọ̀ náà nípa ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Níhìn-ín ni a ti rí afárá tí ọ̀rọ̀ náà gbà kọjá: láti orí ìbànújẹ́ lásán sí orí ìkábàámọ̀ ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Láti ibi ìkábàámọ̀ dé ibi ìtọrọ àforíjì kò jìnnà. Ẹni tí ó bá sọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ pé ohun tí òun ṣe ń dun òun, ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ti gé gbólóhùn náà kúrú. 'Sorry' nìkan ti tó fún ẹ̀bẹ̀. Lóde òní ó tún ti fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí kò gbọ́ ohun tí a wí yóò sọ 'sorry' kí a lè tún un wí. Bí ó bá fẹ́ kọjá láàárín èrò, yóò sọ ọ́. Bí ó bá fẹ́ bi àlejò ní ìbéèrè, òun náà ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ọgbẹ́ ọkàn ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ti di ohun tí a fi ń là ọ̀nà nínú ọkọ̀ ojú irin.

4. Nígbà tí Ọ̀rọ̀ Kan Di Ọ̀ràn Ìlú

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa tí a kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ìtumọ̀ méjèèjì yìí, ìbánikẹ́dùn àti ìtọrọ àforíjì, ń dà láàmú. Àpẹẹrẹ méjì yóò fi hàn pé ó ń da àwọn tí wọ́n ni èdè náà láàmú pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2001, ọkọ̀ òfurufú amí kan ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ọkọ̀ òfurufú ogun kan ti ilẹ̀ Ṣáínà kọlu ara wọn lófurufú nítòsí erékùṣù Hainan. Wang Wei, ẹni tí ó wa ọkọ̀ Ṣáínà, bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà balẹ̀ sí Hainan, ìjọba Ṣáínà sì dá àwọn 24 tí ó wà nínú rẹ̀ dúró fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ṣáínà ní àfi kí Amẹ́ríkà tọrọ àforíjì. Amẹ́ríkà ní àwọn kò jẹ̀bi. Lẹ́tà tí aṣojú Amẹ́ríkà kọ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà ni ó yanjú ọ̀ràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni 'very sorry' hàn nínú rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan nítorí ikú awakọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀kejì nítorí pé ọkọ̀ wọ òfurufú Ṣáínà, ó sì balẹ̀ láìgba àṣẹ. Amẹ́ríkà ní ìbánikẹ́dùn ni àwọn ṣe, àwọn kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣáínà túmọ̀ lẹ́tà náà sí èdè tiwọn lọ́nà tí ìtọrọ àforíjì fi hàn nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Olúkúlùkù mú èyí tí ó fẹ́ nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n dá dúró sì padà sílé.

Ti ilẹ̀ Ọsirélíà yàtọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún ogún, ìjọba ilẹ̀ náà ń gba àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ òbí wọn. Ní 1997, ìgbìmọ̀ ìwádìí gbé ìròyìn jáde pé ó yẹ kí a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, láti 1998 sì ni wọ́n ti ń ṣe ìrántí tí wọ́n ń pè ní 'Sorry Day' ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún. John Howard, olórí ìjọba nígbà náà, gbà ní 1999 láti sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ba òun nínú jẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọba. Ó di ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì ọdún 2008 kí Kevin Rudd tó dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ 'sorry'. Àwọn tí wọ́n ti darúgbó nídìí ọ̀ràn náà sunkún. Ohun tí ó tún jọ wá lójú ni pé nínú Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn onílẹ̀ náà ń sọ láàárín ara wọn, 'sorry business' ni wọ́n ń pe ètò ìsìnkú àti ọ̀fọ̀. Lẹ́nu tiwọn, ọ̀fọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kì í ṣe ẹ̀bi.

5. 'Sorry' Lẹ́nu Ọmọ Nàìjíríà

Láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843 ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá èdè wa gbé. Ẹni tí ó bá kọ́ èdè àjèjì kì í bọ́ àṣà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé. Yorùbá tí ó rí ẹni tí ó kọsẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ nǹkan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ níbẹ̀ kò bójú mu. Ó lè túmọ̀ sí pé inú rẹ̀ dùn sí ìṣubú náà. Nígbà tí ó di pé kí ó sọ 'pẹ̀lẹ́' ní Gẹ̀ẹ́sì, kò rí ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu. Ó mú èyí tí ó sún mọ́ ọn jù, ó sì gbé ẹrù 'pẹ̀lẹ́' lé e lórí.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan. Ìgbò ń sọ 'ndo' fún ẹni tí ìyà ń jẹ, Háúsá ń sọ 'sannu', àwọn tí wọ́n ń sọ Sùwàhílì ní ìlà-oòrùn Áfíríkà sì ń sọ 'pole'. Bí wọ́n bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wọn ni ó ń lo 'sorry' bí a ti ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí a tún kíyè sí nǹkan kan. Bí a bá ṣe àpètúnpè 'pẹ̀lẹ́', yóò di 'pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́', ìyẹn ni kí a rọra. 'Sannu sannu' ti Háúsá ń sọ ohun kan náà. 'Polepole' ti Sùwàhílì pẹ̀lú. A ti kìlọ̀ lókè pé ìjọra ìró kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan, a kò sì sọ pé 'pẹ̀lẹ́' àti 'pole' bá ara wọn tan. Ohun tí a ń sọ ni pé èrò kan náà wà lọ́kàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí: ẹni tí ìyà jẹ, ìrọra ni a fi ń bá a lò.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti wọ inú Yorùbá fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àyálò. 'Sọ́rì' ni a ń pè é. Kò fún wa ní wàhálà nítorí pé ìhun sílébù rẹ̀ bá tiwa mu; a kò ní láti fi fáwẹ̀lì há a láàárín bí a ti ṣe nínú 'búrẹ́dì' àti 'síléètì'. Ohùn òkè bọ́ sórí sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ sì bọ́ sórí èyí tí ó kẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú 'tíṣà'.

Ṣé àṣìṣe wá ni ìlò yìí? Ní ojú tiwa, kò jẹ́ àṣìṣe. Ohun tí odidi orílẹ̀-èdè ń sọ, tí wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé, ti kọjá àṣìṣe ẹnìkan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn tí wọ́n ń tọ́jú ìwé atúmọ̀-èdè Oxford English Dictionary fi ọ̀rọ̀ àti ìlò Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 kún ìwé wọn, 'danfo', 'okada' àti 'next tomorrow' sì wà lára wọn. Ó ti hàn pé Gẹ̀ẹ́sì tiwa ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá sì rántí 'sārig', a óò rí i pé ọmọ ìwé kẹrin tí ó ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín nínú ìrora sún mọ́ ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ju ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí ó ń wá ọ̀nà kọjá lọ. A kò sọ pé láti ẹnu àwọn ará àtijọ́ ni ìlò tiwa ti wá. Inú 'pẹ̀lẹ́' ni ó ti wá; ọ̀nà méjì ni ó kàn já sí ìta kan.

6. 'Sorry' àti 'Pẹ̀lẹ́' Kò Dọ́gba

Bí a ti gba 'sorry' àwọn ọmọ sílẹ̀ yìí, ewu kejì wà tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun ni kí a kọ ọ́ sí pátákó pé 'sorry' ni 'pẹ̀lẹ́', 'pẹ̀lẹ́' sì ni 'sorry'. Ẹ wo iye ohun tí Yorùbá ń sọ níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lè lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí tàbí ìbátan rẹ̀:

(a) Fún ẹni tí ó kọsẹ̀: Pẹ̀lẹ́ o. Bí ó bá jẹ́ àgbà: Ẹ pẹ̀lẹ́ o.
(b) Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá: Ẹ pẹ̀lẹ́, ara á yá o.
(d) Fún ẹni tí olè jà tàbí tí iná jó dúkìá rẹ̀: Ẹ kú àdánù o.
(e) Fún ẹni tí ó yọ nínú ìjàmbá: Ẹ kú ewu o.
(ẹ) Fún ẹni tí ènìyàn rẹ̀ kú: Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Bí olóògbé bá dàgbà: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè.
(f) Fún ẹni tí a ṣẹ̀: Ẹ má bínú. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wúwo: Ẹ forí jì mí.
(g) Fún ohun tí a ṣe tí a kò bá má ti ṣe: Mo kábàámọ̀.
(gb) Nígbà tí a kò gbọ́ ohun tí ẹnìkan wí: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ wí?
(h) Nígbà tí a fẹ́ kọjá: Àgò o.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ nìkan. Ti ibi tí ọ̀rọ̀ kọjú sí ni. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni 'sorry', ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni ó sì ń ṣàpèjúwe: ọkàn mi ni ó ń dùn. 'Ẹ má bínú' kò sọ nǹkan kan nípa ọkàn ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ìbínú ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó kọjú sí, ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó dáwọ́ rẹ̀ dúró. 'Pẹ̀lẹ́' ni tirẹ̀ kọjú sí ara ẹni tí ìyà jẹ, ó ń wí pé kí nǹkan rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mẹ́ta ni ojú tí wọ́n fi ń wo ọ̀ràn. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ó da omi sí àgbà lára kò fi gbọdọ̀ sọ 'pẹ̀lẹ́' nìkan. Àgbà náà yóò bi í pé, "Pẹ̀lẹ́ ni wàá sọ fún mi?" nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ nípa ọ̀ràn ni ó ń sọ 'pẹ̀lẹ́', ẹni tí ó dá ọ̀ràn ń sọ 'ẹ má bínú', ó sì ń dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀. Ọmọ tí ó ti kọ́ pé 'sorry' àti 'pẹ̀lẹ́' dọ́gba yóò ṣe àfojúdi láìmọ̀.

'Pẹ̀lẹ́' fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ìtùnú ní gbogbo ìgbà. Òwe ní, "Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo." Abo rẹ̀ ni èyí tí a fi ń tu ẹni tí ìyà jẹ nínú. Akọ rẹ̀ ni èyí tí a ń sọ pẹ̀lú ojú líle fún ẹni tí ó fẹ́ kọjá àyè rẹ̀: "Pẹ̀lẹ́ o!" Ìkìlọ̀ ni, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gàn. Bí a ṣe pè é ni a fi ń mọ̀.

Ohun kan tún wà tí 'sọ́rì' kò lè ṣe. Kò ní 'o' àti 'ẹ'. Ẹgbẹ́ ẹni àti bàbá ẹni, ọ̀kan náà ni. Nítorí náà ni àwọn ọmọ ṣe ń so 'sà' àti 'mà' mọ́ ọn nídìí kí ọ̀wọ̀ tí ó ti sọnù lè padà. Ìyẹn fi hàn pé ọkàn wọn ṣì ń wá ohun tí ọ̀rọ̀ náà kò ní.

7. Ohun tí ó Kan Olùkọ́

Kí ni kí olùkọ́ ṣe? Èkínní, kí ó má fi ìyà jẹ ọmọ tí ó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kẹ́dùn, ní èdè yòówù kí ó jẹ́. Kí ó jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ tí ó ṣubú dìde ná. Ẹ̀kọ́ gírámà lè dúró.

Èkejì, kí ó fi àyè tí a ti ń lo ọ̀rọ̀ kọ́ wọn. Ní Nàìjíríà, 'sorry' fún ẹni tí ó kọsẹ̀ bá àyè rẹ̀ mu. Bí ọmọ kan náà bá bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àjèjì tí ó kọsẹ̀ lójú pópó, ó ṣeé ṣe kí ẹni náà dá a lóhùn pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n máa ń béèrè bóyá nǹkan kò ṣe ẹni náà. Ó yẹ kí ọmọ mọ àwọn méjèèjì, bí ènìyàn ṣe ń mọ aṣọ oko yàtọ̀ sí aṣọ òde, kí a má sì sọ fún un pé aṣọ oko kì í ṣe aṣọ.

Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ Yorùbá má fi iṣẹ́ ìtumọ̀ ṣe kíkọ ọ̀rọ̀ kan síwájú ọ̀rọ̀ kan. Kí ó kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí pátákó: iná jó ṣọ́ọ̀bù ìyá Bísí; mo ya ìwé ọ̀rẹ́ mi; bàbá àgbà aládùúgbò kú. Kí ó bi àwọn ọmọ pé, "Kí ni ẹ ó sọ?" Bí wọ́n bá dáhùn 'sọ́rì' sí gbogbo rẹ̀, níbẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Eré ṣókí nínú kíláàsì yóò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n fi ara ṣe é, kí ó sì mọ́ wọn lára.

Ẹ̀kẹrin, kí àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ tún ara wa wò. Òfin tí a gbé kalẹ̀ láìtú gbòǹgbò rẹ̀ wò ni akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ fi pa kíláàsì lẹ́nu mọ́.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i nínú iṣẹ́ yìí pé inú ìrora ni 'sorry' ti wá, pé inú 'sore' ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, kì í ṣe inú 'sorrow'. Pé ìbànújẹ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó di ẹ̀bẹ̀. Àti pé àwọn tí wọ́n ni ín ṣì ń jà lórí ìtumọ̀ méjèèjì. A sì ti rí i pé lẹ́nu tiwa 'pẹ̀lẹ́' ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ gbogbo ohun tí Yorùbá ń sọ. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti rí i pé bí ọmọ bá na ọwọ́ sí àpò rẹ̀, obì tí ó bá ọ̀ràn náà mu ni yóò bá níbẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá tún ṣubú nínú kíláàsì mìíràn lọ́la, kí ohùn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé etí rẹ̀ kí ó tó dìde.